Ọjọ́ Tí A Pinnu Pé A Ò Ní Kí Àlejò

Nígbàkigbà tí ọyẹ́ bá bẹ̀rẹ̀ sí í fẹ́ ní apá ọ̀dọ̀ wa yìí, tí ètè ń là, tí àwọn tó sá kòkó sí ẹ̀gbẹ́ títì ti ń kó o wọlé, inú máa ń bí mi. Ọyẹ́ ò ṣẹ̀ mí. Àsìkò ọyẹ́ ni a jà fún kíláàsì àgbà ilé ẹ̀kọ́ girama kan nítòsí Erijiyan, tí a sì pàdánù rẹ̀ láìsí ẹni tó nà wá ní ẹgba kan. Ó ti pẹ́. Àwọn ọmọ tó wà nínú kíláàsì náà nígbà yẹn, àwọn mìíràn nínú wọn ti di abiyamọ. Síbẹ̀, bí àwọn ọ̀dọ́ inú ẹgbẹ́ olùkọ́ bá pè mí sí ìpàdé ní Ìjerò tàbí ní Aramoko pé kí n wá sọ ohun tí ojú mi rí, ìbéèrè kan náà ni wọ́n máa ń bi mí: "Bàbá, ta ló tà wá?"

Ìbéèrè yìí ti sú mi. Mo ti ṣe akọ̀wé ẹgbẹ́ olùkọ́ ní àgbègbè yìí títí irun mi fi funfun. Mo ti rí i tí ẹni tí a jọ ń jẹun lọ ròyìn mi fún ọlọ́pàá, nítorí náà, mo mọ ohun tó ń jẹ́ kí wọ́n ta ènìyàn. Ti ọdún yẹn kì í ṣe bẹ́ẹ̀. Ẹ jẹ́ kí n sọ ọ́ bó ṣe ṣẹlẹ̀, bóyá ẹ ó jáwọ́ nínú ìbéèrè tó ń jẹ́ kí gbogbo wa rí oorun sùn.

N kò ní dárúkọ ìlú kékeré náà. Àwọn ará ibẹ̀ ṣì ń kí mi, mo sì fẹ́ kí wọ́n máa kí mi lọ.

Orí rédíò ni a ti gbọ́ ọ. Wọ́n ní àwọn ilé ẹ̀kọ́ tí ọmọ ò pọ̀ nínú wọn, ìjọba yóò kó kíláàsì àgbà wọn lọ sí ìlú ńlá, kí olùkọ́ lè kárí. Lójú ẹni tó ní ọkọ̀, ọ̀rọ̀ kékeré ni. Ní ìlú tí mò ń wí yìí, ohun tó túmọ̀ sí ni pé ọmọ tó bá fẹ́ ṣe ìdánwò àṣekágbá yóò máa gun ọ̀kadà lọ sí Aramoko ní kùtùkùtù, yóò sì máa gùn ún bọ̀ nírọ̀lẹ́. Àwọn òbí ránṣẹ́ pè mí nítorí wọ́n gbọ́ pé mo mọ bí a ṣe ń bá ìjọba fà á. Mo lọ.

Ìpàdé àkọ́kọ́ kún gbọ̀ngàn ilé ẹ̀kọ́ náà. Obìnrin aránṣọ kan wà níbẹ̀ tí wọ́n ń pè ní Màmá Dámilọ́lá, òun nìkan ló ń tọ́ ọmọ rẹ̀. Dámilọ́lá ṣẹ̀ṣẹ̀ wọ kíláàsì àgbà, orí rẹ̀ pé, nọ́ọ̀sì ló fẹ́ ṣe. Ṣùgbọ́n àìsàn kan wà tí wọ́n bí mọ́ ọn. Bí òtútù bá ti wọ̀ ọ́ lára, gbogbo eegun rẹ̀ á bẹ̀rẹ̀ sí í ro ó, wọ́n á sì sáré gbé e lọ sí ilé ìwòsàn. Ìyá rẹ̀ dìde, kò sọ̀rọ̀ gùn.

"Ọmọ mi lè fẹsẹ̀ rìn láti ulé dé ulé ẹ̀kọ́ yìí," ó ní. "Ibi tí agbára rẹ̀ mọ nìyẹn. Kò lè gun ọ̀kadà nínú ọyẹ́. Bí wọ́n bá kó kíláàsì yìí lọ, ùwé rẹ̀ parí."

Dẹ́rẹ́bà kan jókòó nítòsí ilẹ̀kùn, Ràímì lorúkọ rẹ̀. Ọmọ Ìkìrun ni, ṣùgbọ́n ó ti pẹ́ láàárín wọn débi pé ọmọ rẹ̀ ń kọrin nínú kọ́áyà àwọn Mẹ́tọ́díìsì, bẹ́ẹ̀ Mùsùlùmí ni bàbá ọmọ. Ó ní, "Màmá, bó bá wá dà bẹ́ẹ̀, ìjókòó iwájú ọkọ̀ mi, ti Dámilọ́lá ni. Màá ti gíláàsì pa, atẹ́gùn kankan ò ní kàn án, n ò sì ní gba kọ́bọ̀. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ jà ná." Gbogbo gbọ̀ngàn pàtẹ́wọ́ fún un. Àwọn ìyá kan ń pè é ní ọmọ wa.

Bàbá Ejemu, ìjòyè tó dàgbà jù nínú ìpàdé náà, ló mú àbá wá. Ó ní ìjọba yóò rán ẹnì kan láti Adó kó wá fi ẹnu dídùn sọ ọ̀rọ̀ náà fún wa. Bí onítọ̀hún bá dé, kí a jókòó sójú títì níwájú géètì ilé ẹ̀kọ́, kí ó má rí ọ̀nà wọlé. Kí ẹnikẹ́ni má kí i. Bó bá kí wa, kí ẹnikẹ́ni má dáhùn, àfi tó bá sọ ọ́ lójú gbogbo wa pé kíláàsì náà ò ní kúrò níbẹ̀.

Ẹ̀yin tí ẹ dàgbà sí ìgboro lè má mọ bí àbá yìí ṣe wúwo tó. Lọ́dọ̀ wa, ẹni tí o fẹ́ pè lẹ́jọ́ pàápàá, o ó kọ́kọ́ béèrè àlàáfíà ilé rẹ̀, o ó béèrè ọmọ rẹ̀, lẹ́yìn náà ni o ó wá sọ fún un pé kó pàdé rẹ ní kóòtù. Mo ti rí ìyanṣẹ́lódì, mo ti rí ìwọ́de, mo ti rí ibi tí wọ́n ti fi igi dí títì, n kò tíì gbọ́ irú èyí rí. Inú mi dùn. Mo ní a ti rí ohun ìjà tí ìjọba ò ní irú rẹ̀. Kò sí ẹni tó bi ara rẹ̀ bóyá òun lè ṣe é. Èmi náà ò bi ara mi.

Ọjọ́ pé, a jáde. Ràímì pa iṣẹ́ ọjọ́ náà tì, ó fi ọkọ̀ rẹ̀ dábùú ọ̀nà, a jókòó sẹ́yìn rẹ̀ lórí ẹní àti àpótí. Màmá Dámilọ́lá àti ọmọ rẹ̀ wà ní iwájú pátápátá. Wọ́n ti wé ọmọ náà ní ṣúẹ́tà. A ò kọrin. A kàn jókòó, a ń wo ọ̀nà Aramoko.

Mọ́tò aṣojú ìjọba dé, ó dúró níwájú ọkọ̀ Ràímì. Ọlọ́pàá kan bọ́ sílẹ̀, ọkùnrin náà fọwọ́ dá a padà. Òun fúnra rẹ̀ ló rìn wá bá wa, ó wọ agbádá léèsì funfun tó ń dán. Ó wò wá. Ó rí i pé a ò kí i. Kò bínú, kò bi wá pé kí ló dé. Ó gbá agbádá rẹ̀ mọ́ra, ó sì dọ̀bálẹ̀ gbalaja sínú eruku títì.

"Ẹ kú òórọ̀ o, ẹ̀yin baba mi," ó ní, àyà rẹ̀ wà nílẹ̀. "Ẹ kúulé o, ẹ̀yin yèyé mi. Ọmọ yín ni mí. Ẹ̀fọ̀n ni wọ́n ti bí ùyá mi. Bí ùlú bá ń bínú sí mi, orí ìdọ̀bálẹ̀ yìí ni màá wà."

Kò sì dìde. Ibẹ̀ ni iṣẹ́ wà. Ẹ mọ̀ pé ẹni tó bá dọ̀bálẹ̀ fún ènìyàn nílẹ̀ wa, òun ò lè dá ara rẹ̀ dìde. Ẹni tó dọ̀bálẹ̀ fún ló gbọ́dọ̀ sọ pé kó dìde. Bó bá sì pẹ́ níbẹ̀, ojú ẹni tí wọ́n dọ̀bálẹ̀ fún ni yóò máa tì. A dákẹ́. Mo gbọ́ bí àwọn àgbà ṣe ń wú ikọ́ tí kì í ṣe ikọ́. Lẹ́yìn náà, ohùn obìnrin kan sọ nǹkan láti iwájú, n kò gbọ́ ohùn ta ni. Bí ó ṣe sọ ọ́ tán, gbogbo ẹnu ṣí. "Dìde, ọmọ mi." "Ó tó bẹ́ẹ̀, dìde." Bàbá Ejemu ní, "Ẹlẹ́jọ́ tó mọ ẹjọ́ rẹ̀ lẹ́bi kì í pẹ́ ní ìkúnlẹ̀." Ọkùnrin náà ò tíì gbà pé òun jẹ̀bi ohunkóhun, ṣùgbọ́n ta ló ráyè ìyẹn? Nígbà tí mo wo ẹsẹ̀ ara mi, mo ti dìde dúró.

Bó ṣe di pé a wọ gbọ̀ngàn nìyẹn. Wọ́n ní mọ́tò àlejò ò gbọ́dọ̀ dúró sínú oòrùn, wọ́n pariwo mọ́ Ràímì pé kó gbé ọkọ̀ rẹ̀ kúrò lọ́nà. Ràímì ò kọ́kọ́ mira. "Ṣé ó ti sọ pé kíláàsì náà ò ní lọ ni?" ó bi wọ́n. Bàbá Ejemu dá a lóhùn pé, "Ìwọ gbé e kúrò, a ó gbọ́ ìyẹn nínú ulé." Ó gbé e kúrò.

Nínú ilé, kí ni a gbọ́? Wọ́n to àga àwọn ẹni ọlá síwájú. Wọ́n wá aṣọ funfun bo tábìlì. Ajíhìnrere ìjọ kan gbàdúrà, kí inú àwọn Mẹ́tọ́díìsì má bàa bàjẹ́, tiwọn náà gbàdúrà, wòlíì CAC ló wá gbàdúrà ìkẹyìn, ìyẹn sì gùn jù. Wọ́n kí àwọn tó wà lórí àga lọ́kọ̀ọ̀kan pẹ̀lú oyè wọn. Aṣojú ìjọba sọ ìtàn ìyá rẹ̀ ní Ẹ̀fọ̀n, a rẹ́rìn-ín, a pàtẹ́wọ́. Wọ́n gbé iyán wọlé. Màmá Dámilọ́lá nawọ́ sókè.

"Ìyàwó wa, jẹ́ kí àlejò jẹ uyán ná," ni Bàbá Ejemu wí, pẹ̀lú ẹ̀rín.

Ó sọ ọwọ́ kalẹ̀. Nígbà tí àlejò jẹun tán, ó wo aago, ó ní wọ́n ń retí òun ní Ìkòrò, òun yóò jẹ́ kí àwọn ọ̀gá òun gbọ́ bí a ṣe gba òun tọwọ́tẹsẹ̀. A sìn ín dé ìdí mọ́tò. Àwọn kan di iṣu àti ọ̀gẹ̀dẹ̀ sí ẹ̀yìn ọkọ̀ rẹ̀. Ọ̀rọ̀ kíláàsì náà ò jáde lẹ́nu ẹnikẹ́ni.

Nígbà tí àwọn ọmọ wọlé ní táàmù tó tẹ̀lé e, àgádágodo wà lẹ́nu ilẹ̀kùn kíláàsì àgbà.

Ibí gan-an ni ìbínú mi ti bẹ̀rẹ̀, nítorí ohun tí a ṣe lẹ́yìn náà burú ju èyí tí ìjọba ṣe lọ. A pe ìpàdé. Mo rò pé a ó bi ara wa léèrè ohun tó dé bá wa lójú títì. Bàbá Ejemu fi òwe ṣí i: "Kòkòrò tó ń jẹ ẹ̀fọ́, ìdí ẹ̀fọ́ ló wà." Gbogbo orí ń mì. Mo ní a ti dé ibẹ̀. A ò dé ibẹ̀ o. Wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í wo ọ̀tún, wọ́n ń wo òsì, wọ́n ń wá kòkòrò.

Ẹnì kan béèrè pé, "Ta ló ṣí ọ̀nà fún mọ́tò náà?"

Wọ́n ní Ràímì ni. Òmíràn ní kí a rántí pé Ràímì ti ń pín ìjókòó ọkọ̀ rẹ̀ kí ìjà tó bẹ̀rẹ̀ rárá. Ó jọ pé ó ti mọ̀ pé àwọn ọmọ yóò máa wọ ọkọ̀ lọ sí Aramoko. Ta ni yóò máa jèrè? Ẹlòmíràn ní àjèjì ṣáà ni àjèjì. Ràímì dìde, ó ní, "Ẹ̀yin ni ẹ ní kí n gbé e kúrò. Gbogbo yín ni ẹ sọ ọ́." Wọ́n ní kó jókòó, àgbà ń sọ̀rọ̀. Èmi náà dìde, mo sọ bí ọ̀rọ̀ ṣe rí. Wọ́n ní ará Aramoko ni mí, kí n fi ọ̀rọ̀ ìlú sílẹ̀ fún onílùú. Inú bí mi, mo wọ mọ́tò lọ sílé.

Kò sí ẹni tó lé Ràímì. A kì í lé ènìyàn lọ́dọ̀ wa, ìwà wa dára ju ìyẹn lọ. Wọ́n kàn ń fo nọ́ńbà rẹ̀ ní gáréèjì bó bá kàn án láti kérò. Àwọn ìyá tó pè é ní ọmọ wa ń rìn kọjá lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọkọ̀ rẹ̀ lọ wọ èyí tó wà lẹ́yìn. Wọ́n ń kí i o, wọ́n ń bi í léèrè àlàáfíà. Ó kó aya àtọmọ rẹ̀ padà sí Ìkìrun nígbà òjò.

Títí ó fi lọ, ìjókòó iwájú ọkọ̀ rẹ̀ wà lófìfo láràárọ̀. Màmá Dámilọ́lá ò jẹ́ kí ọmọ rẹ̀ wọ̀ ọ́. Ẹnu ìlú ti pọ̀ jù lórí rẹ̀, ó sì ń ránṣọ fún ìlú. Nígbà tí ọyẹ́ mìíràn dé, Dámilọ́lá fẹ́ fi agbára ṣe é, ó gun ọ̀kadà lọ sí Aramoko fúngbà díẹ̀. Ilé ìwòsàn ni wọ́n ti lọ gbé e. Ìyá rẹ̀ ká yúnífọ́ọ̀mù rẹ̀, ó fi ọmọ náà sídìí máṣíìnì ìránṣọ. Ìjọba ti kíláàsì pa, òótọ́ ni. Ṣùgbọ́n ọ̀nà kan ṣẹ́ kù tí ọmọ yẹn ìbá fi kàwé, ọwọ́ ara wa ni a fi dí i.

Èyí ni mo lọ sọ fún àwọn ọ̀dọ́ ní Ìjerò láìpẹ́ yìí. Rédíò tún ti bẹ̀rẹ̀ sí í sọ ọ́ pé wọ́n fẹ́ kó àwọn ilé ẹ̀kọ́ kéékèèké pọ̀, ẹgbẹ́ sì pe àwọn òbí láti ìlú púpọ̀, pé kí a múra ìjà. Wọ́n ní kí n kọ́ wọn bí ìjọba ṣe ń ronú. Mo ní mo mọ bí ìjọba ṣe ń ronú, kò ṣòro. Ọkùnrin tó dọ̀bálẹ̀ lọ́jọ́ yẹn mọ̀ wá ju bí a ṣe mọ ara wa lọ, òun ni gbogbo agbára tó gbé wá láti Adó. Bí ògiri ò bá lanu, aláǹgbá ò lè wọ ibẹ̀. Kí á kọ́kọ́ fọwọ́ kan ògiri tiwa. Mo bẹ àwọn tó wà lójú títì lọ́jọ́ ìdọ̀bálẹ̀ náà pé kí olúkúlùkù sọ ohun tí òun ṣe, kó má sọ ti ẹlòmíràn.

Alága, ọmọ tí mo kọ́ níwèé, ní, "Bàbá, ẹ máa dójú ti àwọn àgbà wa. Ìjọba ni ọ̀tá wa." Mo ní ojú tó ń tini ni oògùn tí mo gbé wá. Ó rẹ́rìn-ín, ó ní ọ̀rọ̀ àgbà. Bí wọ́n ṣe ń ṣe mí nìyẹn. Bí mo bá bú ìjọba, wọ́n á ní mo gbọ́n. Bí mo bá ní kí a wo ara wa, wọ́n á ní ọjọ́ orí ti ń bá mi jà. Olóòótọ́ ìlú ni ìkà ìlú.

Màmá Dámilọ́lá dìde láti ẹ̀yìn. Ó ti darúgbó díẹ̀.

"Èmi ni mo kọ́kọ́ ní kó dìde," ó ní.

Alága ní kó má ṣèyọnu. Kò tilẹ̀ wo ọ̀dọ̀ rẹ̀.

"Aránṣọ ni mí. Mo rí léèsì yẹn nínú erùpẹ̀, mo mọ irú rẹ̀, ọkàn mi ò gbà á. N kò rántí ohun tí mo wá ṣe níbẹ̀. Ọmọ mi wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi nínú ṣúẹ́tà, aṣọ olówó ni mo rí. Nígbà tí wọ́n wá ń wá ẹni tó tà wá, mo dákẹ́, mo jẹ́ kí wọ́n mú Ràímì. Bí mo bá wo Dámilọ́lá nídìí máṣíìnì báyìí, èmi kì í bú ìjọba mọ́." Ó jókòó.

Mo béèrè pé ta ló kàn. Alága ní àkókò ti lọ, kí a gba àdúrà ìparí.

Bí mo bá ní kí n gbé e lé òṣùwọ̀n, kí ni a jẹ nínú ìjà yẹn? Ìjọba bá wa tún òrùlé gbọ̀ngàn ilé ẹ̀kọ́ náà ṣe, ìyẹn dára, a ó máa rí ibi gba àlejò. A pàdánù kíláàsì, kò tíì padà. Ọmọ tí ìbá di nọ́ọ̀sì ń rán yúnífọ́ọ̀mù fún ọmọ ẹlòmíràn. Bí wọ́n bá tún dé, mo mọ̀ pé a ó tún jókòó sójú títì, a ó tún sọ pé a ò ní kí wọn, nítorí kò sí ẹni tó fẹ́ mọ ìdí tí ẹnu wa fi ṣí níjọ́sí. Ìbànújẹ́ ńlá ni fún mi. Bí a bá ń sunkún, a máa ń ríran, àwa kàn ń sunkún ni.

Lẹ́yìn ìpàdé, èmi àti Màmá Dámilọ́lá wá ọ̀nà lọ sí Ìkìrun. Ràímì ò wakọ̀ mọ́, ó ń ta táyà àlòkù létí títì. Ó mọ̀ wá lójú ẹsẹ̀. Ó gbé bẹ́ǹṣì fún wa, ó ní kí wọ́n bu omi wá. Kí a tó sọ ohun tí a bá wá, ó bi ìyá náà pé, "Dámilọ́lá ńkọ́? Ó ti gba iṣẹ́ nọ́ọ̀sì náà, àbí?"

Ìyá náà kúnlẹ̀ níbẹ̀, láàárín àwọn táyà, ó sì sọ gbogbo rẹ̀ fún un. Ràímì gbọ́ ọ tán. Ó ní kó dìde. Ó kọjú sí mi.

"Tísà, ṣé ìlú ti wá mọ̀ pé èmi kọ́?"

Mo ní, "Àwa méjèèjì ti mọ̀."